Bí Ẹni Tó Ń Dá Rìnrìn Àjò Ṣe Lè Yan Ibi Ìsùn Tí Kò Wọ́n ní Ìlú Tó Ti Fẹ́ Pààrọ̀ Bàálù

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òǹkàwé kì í yé bi mí: "Bàálù mi yóò gbé mi dé ìlú kan lálẹ́, èyí tí n ó wọ̀ tẹ̀ síwájú kò ní gbéra títí di ọjọ́ kejì, èmi nìkan ni mo ń lọ, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀. Níbo ni kí n sùn?" Ìdáhùn mi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó yàrá. Ilé tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè di èyí tó gbówó lérí jù lọ bí ẹ bá ti san owó takisí òru ní àlọ àti àbọ̀, tí ẹ sì wá rí i pé wákàtí mẹ́ta péré ni ẹ rí sùn. Ohun méjì ni ẹ ń fi owó yín rà ní ìlú ìdúró: oorun tó tó, àti ìdánilójú pé ẹ ó padà dé pápákọ̀ lásìkò. Ẹ fi méjèèjì yìí wọn gbogbo ilé tí ẹ bá rí.

## Kí ẹ tó wá ilé rárá

1. Ẹ wádìí bóyá òfin gbà yín láyè láti jáde ní pápákọ̀. Èyí ló ṣáájú ohun gbogbo, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sẹ́yìn. Físà ìkọjá tí a ń gbà fún pápákọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo òfin físà kan náà, kò ju kí ẹ dúró sí apá ibi tí àwọn èrò ti ń pààrọ̀ bàálù lọ. Kò fún yín ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú lọ sùn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú físà bẹ́ẹ̀ tí kò gba ẹnikẹ́ni kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀: ẹni tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé lọ́dọ̀ aṣọ́bodè kó tó lè wọ bàálù mìíràn, ì báà jẹ́ pé wákàtí méjì péré ló fẹ́ lò. Orí ìkànnì ìjọba orílẹ̀-èdè náà gan-an ni kí ẹ ti wo òfin yìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kọjá níbẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn kò tó gbára lé, nítorí pé ìwé ìrìnnà tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiyín, òfin náà sì lè ti yí padà.

2. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ bàálù yín bóyá wọ́n máa ń fún èrò ní ibi ìsùn. Ethiopian Airlines máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Addis Ababa, Turkish Airlines náà sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Istanbul, fún àwọn èrò tí iye wákàtí ìdúró wọn àti irú tíkẹ́ẹ̀tì wọn bá bá ìlànà mu. Àwọn ìlànà náà a máa yí padà, nítorí náà ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá dé pápákọ̀ láàárín òru kí ẹ tó béèrè.

3. Ẹ mọ ibi tí ẹrù yín ń lọ. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ẹ rà, ó ṣeé ṣe kí àpótí yín lọ tààrà sí ibi tí ẹ ń lọ, tí ẹ ó sì wọ ìlú pẹ̀lú àpò kékeré. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó gba àpótí náà fúnra yín, ẹ ó sì tún fi í lélẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ń dá wọ́ àpótí ńlá kiri kò gbọdọ̀ yan ilé tó wà ní àjà kẹrin tí kò ní lífítì. Ẹ bi ẹni tó ń gba ẹrù yín ní pápákọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì wo orúkọ ìlú tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí náà.

## Ẹ ka wákàtí oorun, ẹ má ka wákàtí ìdúró

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní wákàtí 14 láàárín bàálù méjì kò ní wákàtí 14 lọ́wọ́. Ká ní ẹ balẹ̀ ní aago 9 alẹ́, tí bàálù kejì yóò sì gbéra ní aago 11 òwúrọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀:

- Ìtò níwájú àwọn aṣọ́bodè àti gbígba ẹrù lè gba wákàtí kan ààbọ̀. Aago ti di 10:30.
- Ìrìn láti pápákọ̀ dé ilé lè gba wákàtí kan. Aago ti di 11:30.
- Gbígba kọ́kọ́rọ́, ìwẹ̀ àti ìmúra oorun yóò gbà tó ìṣẹ́jú 45.
- Ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní pápákọ̀ ní aago 8 òwúrọ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìgbéra, nítorí náà ẹ ó kúrò nílé ní aago 7.
- Ìmúra òwúrọ̀ yóò tún gba ìṣẹ́jú 45.

Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju wákàtí mẹ́fà lọ. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ tàbí bí ẹ bá ṣìnà díẹ̀, ó di márùn-ún. Ìlànà tí èmi fi ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí oorun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìṣirò bá dín sí wákàtí márùn-ún, n kì í wọ ìlú. Mo máa ń wá ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ tàbí kí n sùn nínú pápákọ̀ gan-an. Bí ó bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ ló ṣì dára jù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ sì ní ọ̀sán tí ẹ fẹ́ fi rí ìlú, ìgbà náà ni kí ẹ wá ilé láàárín ìlú, nítòsí ibùdókọ̀ tó ń lọ tààrà sí pápákọ̀.

Ìkìlọ̀ lórí pápákọ̀: ẹ wo àmì lẹ́tà mẹ́ta tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má wo orúkọ ìlú nìkan. Istanbul ní pápákọ̀ méjì, IST ní apá Yúróòpù àti SAW ní apá Éṣíà. Ẹni tó bá balẹ̀ sí ọ̀kan tí yóò sì gbéra láti èkejì gbọ́dọ̀ la ìlú náà kọjá. Narita tí wọ́n ń pè ní pápákọ̀ Tokyo jìnnà sí àárín ìlú ní nǹkan bíi kìlómítà 60, nígbà tí Haneda, pápákọ̀ Tokyo kejì, sún mọ́ ọn gan-an. Pápákọ̀ Beauvais tí wọ́n fi orúkọ Paris tà jìnnà sí Paris ní ohun tó ju kìlómítà 80 lọ. Bí ibi tí ẹ ti balẹ̀ àti ibi tí ẹ ti fẹ́ gbéra bá yàtọ̀ síra, ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ kejì ni kí ẹ sùn sí, kí ìrìn gígùn náà lè parí lálẹ́, kó má di ti òwúrọ̀ tí àyà yóò máa já.

## Irú ilé tí ẹ lè rí

Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni owó rẹ̀ máa ń kéré jù. Ibùsùn kan ni ẹ ń sanwó fún nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rin, mẹ́jọ tàbí méjìlá jọ ń sùn sí. Àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó ń dá rìn ni pé òṣìṣẹ́ àti àwọn arìnrìn-àjò mìíràn wà nítòsí. Púpọ̀ nínú wọn sì ní yàrá tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Àléébù rẹ̀ ni ariwo, pàápàá bí ilé ọtí bá wà nísàlẹ̀ ilé náà. Yàrá ẹni mẹ́rin ni kí ẹ yàn bí owó bá gbà á, kí ẹ sì béèrè fún ibùsùn ìsàlẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ gun àkàbà lóru.

Họ́tẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ kì í lẹ́wà, ṣùgbọ́n fún òru kan ṣoṣo òun ni mo máa ń yàn jù. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń gbé àlejò, ẹ béèrè wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rìn lóru.

Yàrá inú pápákọ̀ ni àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n ń fi wákàtí ṣe owó rẹ̀. Owó wákàtí kọ̀ọ̀kan wọ́n, àmọ́ ẹ kò san owó ọkọ̀ kankan, ẹ kò sì lè pàdánù bàálù nítorí sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Ẹ rí i dájú pé yàrá náà wà ní apá pápákọ̀ tí ẹ ó wà: èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹrù, kò wúlò fún ẹni tó ti jáde sí ìta.

Ilé aládàáni tí onílé ń yá àlejò ni n kì í gbà yín nímọ̀ràn fún òru kan. Owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n máa ń fi kún un lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òru náà, kọ́kọ́rọ́ lè wà nínú àpótí kan ní òpópónà tó ṣókùnkùn, bí nǹkan bá sì bàjẹ́ ní aago kan òru, kò sí òṣìṣẹ́ tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀.

Àga pápákọ̀ kò ní owó. Ẹ wádìí bóyá wọn kì í ti ilé náà lóru, ẹ sùn sí ibi tí iná wà tí àwọn ènìyàn ń kọjá, kí ẹ sì fi okùn àpò kọ́ apá.

## Ìgbésẹ̀ wíwá àti gbígbà yàrá

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí máàpù. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ fi pápákọ̀ sí i, kí ẹ wá wo ọ̀nà rélùwéè tàbí bọ́ọ̀sì tó ti ibẹ̀ wọ ìlú. Ẹ wá ilé tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré sí ọ̀kan nínú ibùdókọ̀ ọ̀nà náà. Ilé tó bá béèrè pé kí ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fò ó, ì báà jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo aago ọkọ̀ ìkẹyìn lóru àti ti àkọ́kọ́ lówùúrọ̀, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìlú, rélùwéè kì í ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru títí di ìdájí.

2. Ẹ ṣírò àròpọ̀ owó. Owó yàrá, owó orí àlejò tí àwọn ìlú kan ń gbà lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó aṣọ ìnura tàbí aṣọ ibùsùn ní àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì kan, àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀: gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ rò pọ̀. Bí àpẹẹrẹ, yàrá tó jẹ́ dọ́là 30 tí takisí rẹ̀ jẹ́ dọ́là 40 wọ́n ju yàrá tó jẹ́ dọ́là 55 tó ní ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lọ.

3. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó ti sùn níbẹ̀, kí ẹ sì kà á bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ẹ tò ó kí èyí tó jẹ́ tuntun jù wà lókè, nítorí pé ilé tó dára lọ́dún méjì sẹ́yìn lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ kan wá inú wọn: ariwo, ìdun, kọ́kọ́rọ́, òru, obìnrin, olè. Bí ènìyàn kan bá ṣàròyé nípa ohun kan, ó lè jẹ́ ìbínú. Bí ẹni mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá sọ ohun kan náà láàárín oṣù méjì, òótọ́ ni. Máàkì 8.5 láti ọwọ́ ẹgbẹ̀ta ènìyàn tẹ́ mi lọ́rùn ju 9.6 láti ọwọ́ ènìyàn mọ́kànlá lọ. Lórí Booking.com, ẹni tó ti gba yàrá níbẹ̀ ló ń kọ̀wé, nígbà tí ẹnikẹ́ni lè kọ tirẹ̀ sórí Google Maps. Nítorí náà ẹ fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Fọ́tò tí àwọn àlejò yà ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe èyí tí onílé gbé síbẹ̀.

4. Ẹ wádìí bóyá ẹnì kan ń jókòó de àlejò ní gbogbo òru. Ilé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ní aago 10 alẹ́ kì í ṣe ilé fún ẹni tí bàálù rẹ̀ lè pẹ́.

5. Ẹ ṣọ́ra fún déètì. Bí ẹ bá máa balẹ̀ ní aago kan òru ọjọ́ kẹrìnlá, alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ni kí ẹ gbà sílẹ̀. Àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an: mo gba yàrá fún ọjọ́ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi, mo dé ẹnu ọ̀nà ní aago méjì òru, wọ́n sì fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún mi pé aago méjì ọ̀sán ni yàrá mi bẹ̀rẹ̀. Orí àga ni mo ti rí ilẹ̀ mọ́.

6. Ẹ gba èyí tí ẹ lè fagilé láìsan ìtanràn, bí àfikún owó rẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Bàálù a máa yí àkókò padà.

7. Ẹ kọ̀wé sí ilé náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á. Ẹ sọ nọ́ńbà bàálù yín àti aago tí ẹ ń retí láti dé. Ilé tí kò bá gbọ́ ohùn yín títí di òru lè rò pé ẹ kò wá mọ́, kó sì tú yàrá yín fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe dáhùn náà yóò jẹ́ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Ìkìlọ̀ lórí owó: bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ìkànnì tí ẹ ti gba yàrá là sílẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Bí ẹ̀rọ káàdì bá bi yín bóyá owó ìlú náà tàbí owó ilé yín ni ẹ fẹ́ fi san án, ẹ yan owó ìlú náà, nítorí pé pàṣípààrọ̀ tí ẹ̀rọ bá ṣe fún yín sábà máa ń jẹ yín lówó. Họ́tẹ́ẹ̀lì sì lè fi owó kan dógò lórí káàdì yín, tí yóò gba ọjọ́ mélòó kan kó tó padà. Ẹ má fi gbogbo owó ìrìn àjò yín sórí káàdì kan ṣoṣo.

## Ohun tí ẹ ó kó dání

- Àwòrán àdírẹ́sì ilé náà ní èdè ìlú yẹn lórí fóònù, tí kò nílò dátà láti ṣí
- Máàpù tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù
- Páwà báǹkì tó kún
- Àgádágodo kékeré tiyín fún àpótí tí họ́sítẹ́ẹ̀lì ń fún àlejò láti tọ́jú ẹrù sí
- Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà
- Ohun tí a fi ń dí etí àti ìbòjú fún oorun

## Nígbà tí ẹ bá dé

Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, àwọn tó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ sì mọ èyí dáadáa. Bí awakọ̀ kan bá sọ pé wọ́n ti ti ilé tí ẹ ń lọ, tàbí pé ó kún, tó sì fẹ́ gbé yín lọ síbòmíràn, ẹ má gbà. Ẹ pe ilé náà fúnra yín. Takisí tó wà lórí ìtò ti pápákọ̀ tàbí èyí tí ẹ pè lórí fóònù ni kí ẹ wọ̀.

Ní iwájú òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín bó bá béèrè. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè béèrè pé kí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ àlejò. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tì í mọ́ àpótí títí di òwúrọ̀. Bó bá pe nọ́ńbà yàrá yín sókè létí àwọn ènìyàn, ẹ lè rọra béèrè fún òmíràn. Ẹ fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé.

Kí ẹ tó tú àpò, ẹ lo ìṣẹ́jú márùn-ún fún èyí:

1. Ẹ ti ilẹ̀kùn láti inú, kí ẹ wò ó bóyá ó dì. Ẹ wo fèrèsé náà.
2. Ẹ gbé àpò sí orí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ẹ má gbé e sórí ibùsùn. Ẹ ká aṣọ ibùsùn sókè ní igun, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ojú rírán mátíráàsì àti ẹ̀yìn pátákó orí ibùsùn. Àmì dúdú kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, tàbí kòkòrò pupa pẹlẹbẹ tó tó mílímítà 5: ìdun nìyẹn.
3. Ẹ wá ọ̀nà àsálà iná, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kan.
4. Ẹ dán omi àti iná wò.

Bí ohun kan kò bá dára, ìgbà yìí ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún yàrá mìíràn tí kò bá èyí fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sùn sórí ibùsùn náà, ẹ̀rí yín ti dín kù.

## Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú

Bí wọ́n bá sọ pé kò sí yàrá mọ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti sanwó, ẹ má jáde sí òru. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ pe ìkànnì tí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì ní kí ilé náà wá ibòmíràn fún yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù àdúgbò náà ló ń bà yín, kò sí ìtìjú nínú kí ẹ padà sí pápákọ̀. Owó òru kan tó ṣòfò kò tó nǹkan. Nítorí náà, ẹ máa fi owó takisí kan pamọ́ sí ọ̀tọ̀, ní owó ìlú náà, tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn.

Kí ẹ tó sùn, ẹ tún wo aago bàálù yín lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà, ẹ rí i pé fóònù yín ti yí sí aago ìlú tí ẹ wà, ẹ ṣètò àláàmù méjì, kí ẹ sì bẹ òṣìṣẹ́ òru pé kó kan ilẹ̀kùn yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn àláàmù kejì bí kò bá tíì rí yín.